Ẹ̀rọ tó ń lé eku, gọ́ọ̀mù, nẹ́ẹ̀tì: èyí tó gba íńfátà mi là àti èyí tó kàn jẹ mí lówó

Mo ti ṣèlérí fún àwọn kọ́sítọ́mà mi àtàwọn tá a jọ wà ní gírúùpù WhatsApp àdúgbò pé màá kọ nǹkan yìí, torí ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, "Ìyá Ẹlẹ́ja, kí lẹ ṣe tí eku àti ọmọńlé ò fi wọ íńfátà yín mọ́?" Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, òun nìyí. Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní kọ́bọ̀ kí n tó kọ ọ́ o, owó mi ni mo fi ra gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òmíràn nínú owó ọ̀hún ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹja yínyín ni mò ń tà, l'Ójòó níbí n'Íbàdàn. Títọ́ọ̀sì, kọ́tẹ̀, ṣáwá, pánlá, tọ́kì náà wà ńbẹ̀. Fíríísà mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n gbé owó iná àwa tá a wà ní Band A, ìyẹn àwa tí wọ́n ní iná wa gbọ́dọ̀ tó wákàtí ogún lóòjọ́, sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí yúníìtì tá a ti ń rà ní bíi náírà 68 di náírà 225 lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo kó àjọ mi, mo kó gbogbo ẹ̀ lé sólà lórí. A ra íńfátà 5kVA, bátìrì lithium kan, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, wọ́n gbé íńfátà kọ́ sára ògiri ní sítọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí mò ń kó páálí sí. Ẹni tó bá mọ eku ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Páálí rẹpẹtẹ, òórùn ẹja, ẹ̀rọ tó ń gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ tọ̀sán tòru, tí mo bá kọ ìwé ìpè sí wọn fúnra mi kò lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ni, agogo márùn-ún ìdájí, mo gbọ́ "gbà!" bí ìgbà tí wọ́n yin bángà Kérésì sínú garawa. Fíríísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́. Mo sáré dé sítọ̀, ojú íńfátà ń kọ 09, nọ́ńbà tó máa ń yọ tí nǹkan bá bà jẹ́ nínú ẹ̀, òórùn kan wá wà nínú yàrá yẹn, kì í ṣe òórùn wáyà tó jó nìkan, ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé ẹran sórí iná. Ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe tú u lójú mi. Ọmọńlé ni. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ, ó nà gbalaja láàárín irin méjì lórí bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ iwájú lórí ọ̀kan, ìrù lórí èkejì, ó ti gbẹ bíi ṣáwá tí wọ́n yan jóná. Ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àpótí yẹn, ẹyin kékeré funfun méjì wà ńbẹ̀, rogodo, bí ìlẹ̀kẹ̀. Àṣé kì í ṣe àlejò, ayálégbé ni, ó ti pẹ́ tó ti ń gbébẹ̀, ó sì ti ń múra ọmọ.

Ọ̀gá yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé iná kékeré tó ń tàn lójú íńfátà lálẹ́ ló ń pe kòkòrò, kòkòrò ló ń pe ọmọńlé, ìgbà tí ọmọńlé bá débẹ̀ tó rí i pé ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wọ inú ihò tí fáànù ń gbà mí, á máa gbé. Iná tó wà lórí irin méjì tó dùbúlẹ̀ lé yẹn tó bíi volt 400. Bó ṣe fara kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun kú, bọ́ọ̀dù náà kú. Náírà 165,000 ni àtúnṣe. Ẹja ńkọ́? Mo tà á ní ìlàjì owó kó tó di ọ̀sán, èyí tó kù mo pín in fún àdúgbò, wọ́n gbàdúrà fún mi gan an ni, ẹ ẹ́ ṣeun.

Ẹni tó ta íńfátà fún mi ní wárántì ò kan ti ẹranko. Mo ní níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó fi hàn mí nínú ìwé, lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Òótọ́ ni, ó wà ńbẹ̀. Ẹ lọ ka tiyín.

Ó yá, àwọn nǹkan tí mo rà.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní ó ń ṣe ìró kan tí etí èèyàn ò lè gbọ́ àmọ́ tó máa lé eku, aáyán, ọmọńlé, ẹ̀fọn, àfi bíi pé ó máa lé lándìlọ́ọ̀dù náà. Méjì ní náírà 9,500, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ò rí eku kankan, mo ti ń dúpẹ́, mo tiẹ̀ ti sọ fún ìyá oníkẹ́ẹ̀kì ẹ̀gbẹ́ mi pé kó lọ ra tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣí sítọ̀ lálẹ́, eku kan jókòó sórí páálí kọ́tẹ̀, kò jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí ẹ̀rọ yẹn, ó ń fọ ojú. Ó ń fọ ojú o! Ó wò mí, ó parí ojú tó ń fọ̀, kó tó rọra lọ. Ìgbà tó yá ni mo wá ka a pé FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí i pé wọn ò rẹ́ oníbàárà jẹ, ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ láti ọdún 2001 sí àwọn tó lé ní 60 tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí tàbí tó ń tà á, pé tí wọn ò bá ní ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kí wọ́n yé sọ pé ó ń lé ẹranko. Ìró rẹ̀ kì í gba inú ògiri kọjá, kì í gba páálí kọjá, eku fúnra ẹ̀ á sì mọ́ ọn lára bí ariwo jẹ́nẹ́ ṣe mọ́ àwa náà lára. Iná búlúù kékeré kan wá ń tàn lára ẹ̀ lóru, èyí tó túmọ̀ sí pé mo fi owó mi ra àtùpà míì tí kòkòrò máa wá bá, kí ọmọńlé wá bá kòkòrò. Máàkì: òdo. Ìyá oníkẹ́ẹ̀kì ṣì ń bá mi jà.

Káńfọ̀ àti èèpo ẹyin, mi ò ní fi wọ́n ṣòfò àkókò yín. Ọmọńlé gun èèpo ẹyin yẹn kọjá, mo fi ojú mi rí i.

Gọ́ọ̀mù eku, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí n má parọ́. Ó mú eku méjì àti asín kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó tún mú sálúbàtà ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Àmọ́ eruku á bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní lẹ nǹkan kan mọ́, ẹ̀ẹ́ máa rà á títí ni. Èyí tí ẹ bá mú náà, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ṣé ọ̀nà ò kúkú dí.

Òògùn eku wá ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ta oúnjẹ, ẹ má dán an wò. Yàtọ̀ sí pé kò yẹ kó wà níbi tí oúnjẹ wà rárá, eku kì í jẹ ẹ́ kó kú síta kẹ́ ẹ gbá a dànù. Ó lọ kú sẹ́yìn bátìrì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá òórùn yẹn kiri, kọ́sítọ́mà á wọlé, á fa imú, á wo ẹja mi, á wò mí lójú, á ní òun ń bọ̀. Ẹ ẹ̀ lè ṣàlàyé pé eku ni kì í ṣe ẹja, torí pé "eku ló kú síbí" náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń ta oúnjẹ ń sọ fún oníbàárà. Owó tí mo pàdánù lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, mi ò tíì ṣírò rẹ̀, mi ò fẹ́ ṣírò rẹ̀.

Ológbò? Ẹja mi ló wá ń ṣọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí ọmọ àbúrò ọkọ mi júwe ọmọbìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ sólà fún mi, Ẹnjiníà la jọ ń pè é, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Mo rò pé ó máa kó nǹkan iṣẹ́ lé íńfátà lórí ni, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wo yàrá yíká, ó ní "Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi pa iná, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn." Ọ̀sán gangan ni o. A wà nínú òkùnkùn yẹn, ó ní kí n máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ìta. Haba! Sítọ̀ tí mo rò pé ó dí gbáá, ńṣe ló dà bí asẹ́. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílìn, ẹ̀yìn páìpù, ibi tí wáyà sólà gbà wọlé. Ó ní kí n fún òun ní bírò kan, ó ń ki bírò bọ ihò wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó bá gbà á.

"Mummy, ibi tí bírò yìí bá ti wọlé, èkúté á wọlé. Ti ọmọńlé ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mà."

Mẹ́rìnlá ni àmì tó wà lára ògiri nígbà tó ṣe tán. Ó tún fi tọ́ọ̀ṣì tan ẹsẹ̀ ògiri, ó fi ìlà dúdú kan hàn mí tó ń dán bí ibi tí ọmọdé tó jẹ àkàrà nu ọwọ́ sí, ó ní ọ̀nà eku nìyẹn, pé ara wọn lọ́ràá, ibi kan náà ni wọ́n sì ń fara nù kọjá lójoojúmọ́. Mo ti ń rí ìlà yẹn láti bí ọdún kan, mo rò pé ìdọ̀tí páálí ni.

Ihò tó burú jù ni èyí tí àwọn tó so sólà fún mi fúnra wọn dá. Wọ́n lu ògiri, wọ́n ki páìpù tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi bọ̀ ọ́, wáyà méjì péré ló gba inú ẹ̀ kọjá, ìyókù ṣófo, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu láti abẹ́ òrùlé wá sí ìdí íńfátà. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Èmi sanwó fún wọn kí wọ́n wá bá mi la ẹnu ògiri.

Ohun tó fi dí wọn, ẹ gbọ́ dáadáa torí ibí ni owó yín máa lọ. Àwọn ihò ara ògiri, kànìnkànìn onírin tá a fi ń fọ ìkòkò ló kì bọ̀ ọ́, ó wá fi síméǹtì rẹ́ ẹ. Mo bi í pé ṣebí fóòmù tó ń wú yẹn ló yá jù, ó ní eku máa ń jẹ fóòmù bí ẹni jẹ búrẹ́dì, àfi tí irin bá wà nínú ẹ̀. Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun àtihù, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ rọ́bà wáyà tí kò lè yó o, ó gbọ́dọ̀ máa lọ eyín yẹn ni. Irin nìkan ló máa ń fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ibi tí wáyà ti wọ íńfátà àti àpótí bíréékà, ó fi cable gland sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ike kékeré yẹn tẹ́ ẹ máa ń yí tó máa fún wáyà lọ́rùn pinpin, mo rà wọ́n l'Ógùnpa, kò tó náírà 600 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Náírà 600! Tí àwọn ti àkọ́kọ́ bá ti fi sí i ni, 165,000 mi á wà lọ́wọ́ mi.

Ó kìlọ̀ fún mi gidi gan an pé kànìnkànìn onírin yẹn ò gbọ́dọ̀ dé inú àpótí iná kankan láéláé, ara ògiri nìkan ni, torí irin ni, iná ń gba ara ẹ̀ kọjá, á sì máa já sílẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bá dógùn-ún. Kó tó fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì rárá ó pa íńfátà, ó pa bíréékà bátìrì, ó pa ti páńẹ́ẹ̀lì, ó ní ká dúró. Mo ní ṣé kò ti pọ̀ jù, ẹja mi ń yọ́. Ló bá sọ ìtàn Fukushima ní Japan fún mi, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tí omi òkun bà jẹ́ ní 2011. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, eku kan kó wọ bọ́ọ̀dù iná níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú adágún tí wọ́n ń kó epo átọ́míìkì tí wọ́n ti lò sí tutù bá dúró, ó lé ní ọjọ́ kan kí wọ́n tó rí gbogbo ẹ̀ tún ṣe tán, òkú eku ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n á ta nẹ́ẹ̀tì wáyà dí gbogbo ibẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ta nẹ́ẹ̀tì eku ọ̀hún gan an ni adágún kan tún ti pàdánù ẹ̀rọ tó ń mú un tutù fún bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n ní ó jọ pé nẹ́ẹ̀tì yẹn ló fara kan iná. Mo lọ wo ọ̀rọ̀ yẹn fúnra mi nígbà tí mo délé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Látìgbà yẹn mi ò bá a jiyàn mọ́.

Àmọ́ òun náà ní àṣìṣe tiẹ̀ o, mi ò ní bò ó. Nẹ́ẹ̀tì irin tí ihò rẹ̀ ò ju milimita méjì lọ ló fi dí abẹ́ íńfátà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò tí fáànù ń gbà mí tààràtà. Ọmọńlé ò ní wọlé lóòótọ́, atẹ́gùn náà ò sì wọlé dáadáa. Láàárín ọjọ́ méjì ìgbóná tó ń hàn lójú ẹ̀ tí kì í kọjá 48 lọ́sàn-án ti di 63, fáànù ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Mo pè é lọ́jọ́ Jímọ̀, kò gbé e, mo pè é lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun wà níbi ìnáwó. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló tó wá. Ó tọrọ àforíjì, ó tú u, ó wá ṣe é bí àpótí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó jìnnà sí íńfátà díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ ju ihò fáànù lọ bí ìlọ́po mẹ́rin, atẹ́gùn rí ibi gbà. Ó padà sí 49. Kò gba owó kankan fún un. Àmọ́ tí bọ́ọ̀dù bá jó lọ́jọ́ méjì yẹn ńkọ́? Mo yọ máàkì kan kúrò fún ìyẹn. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu nẹ́ẹ̀tì yẹn lóṣooṣù o, eruku Òjòó yìí kì í ṣe eré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó kó dí.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ kí n tó rà á. Ara íńfátà, wọ́n máa ń kọ IP àti nọ́ńbà méjì sí i. Tèmi jẹ́ IP20. 2 yẹn túmọ̀ sí pé ohun tó bá nípọn ju milimita 12.5 lọ ló máa dá dúró, ìyẹn ni pé ìka ọwọ́ yín ò ní wọlé. Ìka! Èkúté tó ń gba ihò milimita mẹ́fà kọjá, ẹ̀rín ló máa fi ìyẹn rín. Èyí tí wọ́n kọ IP65 sí, eruku gan an ò lè wọ̀ ọ́. Ó wọ́n jù ú lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò bá tíì ra tiyín, ẹ fi owó nẹ́ẹ̀tì àti owó ìpayà kún owó èyí tó rọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó rọ̀.

Gbogbo ẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ 40,000, ohun èlò 31,000 ó lé díẹ̀. Ọkọ mi ní ó pọ̀ jù fún ẹni tó wá fi síméǹtì dí ihò. Oṣù mẹ́jọ rè é, mi ò tíì rí ìgbẹ́ eku kan nínú sítọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ máàkì márùn-ún, mo fún Ẹnjiníà ní mẹ́rin.

Ohun tó kù ni igi máńgòrò. Ẹ̀ka ẹ̀ kan na ọwọ́ wá sórí òrùlé, ọ̀kẹ́rẹ́ ń gba ibẹ̀ wá, wọ́n ti ha rọ́bà wáyà abẹ́ páńẹ́ẹ̀lì kan títí tí irin inú ẹ̀ fi yọjú, a ti pààrọ̀ ẹ̀, a sì ti ki ìyókù sínú páìpù. Mo lọ bá lándìlọ́ọ̀dù pé kí wọ́n jẹ́ ká gé e. Bàbá ní ṣé nítorí ọ̀kẹ́rẹ́, pé fẹ́ǹsì ilé ga tó. Mo ní Bàbá, ní Kenya lọ́dún 2016, ọ̀bọ kan gun òrùlé ilé iṣẹ́ iná Gitaru, ó já lu transformer, megawatt 180 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo orílẹ̀-èdè wà lókùnkùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, fẹ́ǹsì tibẹ̀ yẹn ní iná lára o. Bàbá rò ó díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀bọ yẹn ńkọ́, ṣé ó kú? Mo ní rárá, kò kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká jẹ́ kí máńgòrò tọdún yìí pọ́n ná, kí n wá rán wọn létí lẹ́yìn ẹ̀.